Ẹ̀wù Mi Ni Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wọ̀

Ẹ̀wù mi ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ̀.
Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀wù òtútù tí mo fi pẹja fún ọdún mọ́kànlélógún,
tí iyọ̀ òkun ti mú kí apá rẹ̀ gan bí igi,
òun ni Loveday mú kúrò lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn
nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí lọ,
ó fi wọ ohun tí kò lápá.

Newlyn la wà, ní Cornwall,
níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti na ìka ẹsẹ̀ sínú òkun.
Yìnyín kì í pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́!
Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a máa fa ewé ya
bí akọ̀wé tí inú ń bí.
Ó kọ́kọ́ fi koríko gbígbẹ dì í nídìí,
ó fi wáyà adìẹ yí i ká,
ó wá gbé ẹ̀wù mi lé e, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.
Mo dúró lójú fèrèsé, ife tíì lọ́wọ́ mi,
mò ń wo ara mi nínú ọgbà, láìlórí.

Pentreath yọjú lórí ògiri:
“Loveday, ta lo sin síbẹ̀?”
“N kò sin ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń sùn ni.”

Kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan o.
Kókò tí ewé rẹ̀ tó etí erin,
ó wú u, ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, ó kó o sábẹ́ ibùsùn wa.
Atalẹ̀ olódòdó wà ní balùwẹ̀.
Ìbẹ́pẹ kan dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná
bí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò wá mú nílé ìwé.
Ìyẹn kú nínú oṣù kejì. A kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.
Oṣù márùn-ún ni mo fi sùn lórí kókò.
Bí mo bá yí padà lóru, á ní, “Rọra.”
Èmi kọ́ ló ń ṣàánú.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan: kí ni èrè rẹ̀?
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá tilẹ̀ so,
èso rẹ̀ kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ, kóró ló kún inú rẹ̀.
Kábéèjì ń bẹ láyé,
ó ń hù láìwọ ẹ̀wù ẹnikẹ́ni.
Ó ní, “Ìwọ, ta ló bi ọ́ ní èrè òkun?”
Mo mu tíì mi.

Oṣù karùn-ún, ó ní kí n wá gba ẹ̀wù mi.
Mo tú bọ́tìnnì. Òórùn kọlù mí nímú.
Igi náà ti rà, ó rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.
Òwe ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ wá sí mi lẹ́nu.
Àwa méjèèjì kò bímọ. Mo gbé òwe náà mì.
Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ìka tú ilẹ̀, ó ń tú u,
títí ó fi kan ṣóńṣó kan
tí kò gùn ju èékánná lọ, tó ń ti iyẹ̀pẹ̀ sókè.
Òmíràn. Ẹ̀kẹta, lẹ́bàá ògiri.
Kò pariwo. Ó kàn jókòó sínú ẹrẹ̀
pẹ̀lú ṣòkòtò tó fẹ́ wọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù: eku kéékèèké mẹ́rin,
wọ́n pupa bí ètè, ojú wọn dì,
nínú ìtẹ́ tí ìyá wọn fi òwú ẹ̀wù mi hun.
Loveday ní, “Fi í síbẹ̀ títí wọn yóò fi lajú.”

Oṣù kẹjọ rèé. Ewé ti ga ju ògiri lọ,
Pentreath ti gbé àga rẹ̀ wá sábẹ́ ibòji,
kò bèèrè ẹni tí a sin mọ́.
Lóru àná, òjò dé,
òjò tí mo ṣépè fún ní gbogbo ọjọ́ ayé mi lójú omi,
ó ń sọ̀kalẹ̀ sórí ewé gbọ̀ọ̀rọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, pò, pò, pò,
bí ẹni tó mọ ilé, tí kò kánjú kanlẹ̀kùn.
Loveday ti ṣí fèrèsé sílẹ̀ nítorí rẹ̀.
Òtútù mú mi. N kò ní ẹ̀wù.
Mo sún mọ́ ọn.